Òǹkọ̀wé tó bá dákẹ́, ìwé rẹ̀ á bá a dákẹ́
Ìdí tó fi yẹ kẹ́ni tó ń kọ̀wé tà mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ láàárín èrò

Bí èèyàn bá dé Ṣómólú l'Ékòó, tàbí Mọ́kọ́lá n'Íbàdàn, níbi táwọn atẹ̀wé pọ̀ sí, kò ní pẹ́ tó fi máa rí òǹkọ̀wé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá kó ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́. Inú ẹni náà máa ń dùn kọjá sísọ. Á já páálí kan, á mú ẹ̀dà kan jáde, á gbóòórùn bébà tuntun, á sì máa wo orúkọ ara rẹ̀ níwájú ìwé bíi pé orúkọ ẹlòmíì ni. Owó tó fi tẹ̀ ẹ́ lè jẹ́ èyí tó fi ọdún méjì dá l'ájọ, ó lè jẹ́ èyí tó yá nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ó sì lè jẹ́ owó tí wọ́n san fún un nígbà tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá padà lọ sílé òǹkọ̀wé yìí lẹ́yìn ọdún kan, ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ bá mẹ́jọ nínú páálí mẹ́wàá tó kó wálé lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, táwọn eku ti bẹ̀rẹ̀ sí í gé etí wọn jẹ.

Kì í ṣe gbogbo ìgbà ló máa ń jẹ́ pé ìwé náà kò dáa. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni tó kọ ọ́ ni kò lè dìde láàárín èèyàn kó fi ìṣẹ́jú márùn-ún sọ ohun tó wà nínú ẹ̀. Wọ́n pè é sí ilé ẹ̀kọ́ kan, ó ní àyè kò sí. Wọ́n gbé makirofóònù fún un níbi ìpàdé ẹgbẹ́, ó ní, "Ẹ ṣeun o, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi rà á," ló bá jókòó. Ó gbà pé iṣẹ́ òun ti parí lọ́jọ́ tóun ti fi gègé sílẹ̀. Àwọn àgbà kò gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kan gbogbo ẹni tó ń ṣòwò kékeré, torí pé òǹkọ̀wé tó ń fi owó ara rẹ̀ tẹ ìwé kò yàtọ̀ sí ẹni tó ń rán aṣọ tàbí ẹni tó ń se ọṣẹ. Ó ní ojú owó, ó ní ọjà nílẹ̀, ó lè jẹ gbèsè, ó sì gbọ́dọ̀ wá oníbàárà. Ibi tọ́rọ̀ tiẹ̀ ti le ju tàwọn yòókù lọ ni pé ẹni tó fẹ́ ra aṣọ lè fọwọ́ kàn án, ẹni tó fẹ́ ra ọṣẹ lè gbóòórùn ẹ̀, ìyá tó ń ta gàárì náà á sì bu díẹ̀ sọ́wọ́ oníbàárà kó fi tọ́ ọ wò. Ẹni tó fẹ́ ra ìwé kò lè mọ adùn tó wà nínú ẹ̀ àfi tó bá kà á, bẹ́ẹ̀ kò ní kà á tí kò bá tíì rà á. Ohùn ẹni tó kọ ọ́ ló máa ń ṣiṣẹ́ ìtọ́wò yẹn.

ÌṢIRÒ TÓ WÀ NÍBẸ̀

Ká ní òǹkọ̀wé kan tẹ ẹgbẹ̀rún kan (1,000) ẹ̀dà ìwé, tí ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan sì ná an ní ₦2,000. Mílíọ̀nù méjì náírà ló ti jáde nílé nìyẹn. Ó wá fi ₦4,000 lé e. Tó bá kó o lọ fún ilé ìtàwé, àwọn tó máa sanwó lójú ẹsẹ̀ kò pọ̀. Wọ́n á gbà á sílẹ̀, wọ́n á máa tà á díẹ̀díẹ̀, wọ́n á sì yọ èrè tiwọn kí wọ́n tó san èyí tó kù. Ká ní ìdá márùndínlógójì nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń yọ, ₦1,400 ti lọ lórí ẹ̀dà kan, ₦2,600 ló kù fún òǹkọ̀wé. Téèyàn bá yọ ₦2,000 tó fi tẹ̀ ẹ́ kúrò, ₦600 ni èrè. Kí mílíọ̀nù méjì tó fi ṣòwò tó lè padà wọlé, àfi kí wọ́n bá a ta ẹ̀dà 770. Ìyẹn náà tún jẹ́ tí ilé ìtàwé bá san gbogbo owó ọ̀hún pé, tí wọn kò sì fi "padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀" dá a lóhùn.

Ẹ wá wo apá kejì. Òǹkọ̀wé yìí kan náà lọ bá ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ girama kan, wọ́n sì fún un ní ogún ìṣẹ́jú níbi ìpàdé àwọn òbí àtolùkọ́. Ó sọ̀rọ̀ nípa ìwé rẹ̀, ó ka ojú ìwé kan ààbọ̀, ó dáhùn ìbéèrè mẹ́ta, ó wá ta ọgbọ̀n ẹ̀dà. ₦120,000 bọ́ sí i lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà. Èrè rẹ̀ níbẹ̀ jẹ́ ₦60,000, kó wá yọ owó mọ́tò nínú ẹ̀. Kí ilé ìtàwé tó lè bá a pa irú èrè bẹ́ẹ̀, ọgọ́rùn-ún ẹ̀dà ni wọ́n gbọ́dọ̀ tà. Tó bá sì jẹ́ pé bó ṣe ń ta gbogbo ẹ̀ nìyẹn, ẹ̀dà 500 péré ni ojú owó rẹ̀ máa fi padà wọlé. Ìyókù di èrè.

Eléyìí kò sọ pé ilé ìtàwé ń rẹ́ni jẹ. Wọ́n ń san owó ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ń san owó òṣìṣẹ́, wọ́n sì máa ń ta ìwé fún ẹni tí òǹkọ̀wé kò lè dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ láéláé. Ohun tí ìṣirò yẹn fi hàn ni iye tí ogún ìṣẹ́jú ọ̀rọ̀ sísọ ń jẹ́. Òǹkọ̀wé tí kò lè sọ̀rọ̀ ti gbé iṣẹ́ yẹn fún ẹlòmíì, ó sì ń sanwó ẹ̀ lórí ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan, bó mọ̀ bí kò mọ̀.

ỌJỌ́ ÌKÓJÁDE ÌWÉ

Nílẹ̀ Yorùbá, ibi tí ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé gbójú lé láti rí owó wọn gbà padà ni ọjọ́ ìkójáde ìwé. Gbogbo èèyàn ló mọ bó ṣe máa ń rí. Alága á wà, ẹni tó máa fi ìwé lọ́lẹ̀ á wà, ẹni tó máa yẹ ìwé wò á wà, olórin á máa kọ orin lábẹ́lẹ̀, oúnjẹ á sì ti máa ta sánsán. Alága á sọ̀rọ̀ fún ogójì ìṣẹ́jú. Ẹni tó yẹ ìwé wò á ka bébà mẹ́wàá. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn èèyàn jáde wá náwó. Tó bá wá kan ẹni tó ni ìwé, ó ti di pé kó wá dúpẹ́, àwọn èèyàn sì ti ń wo ibi tí oúnjẹ máa gbà yọ.

Owó máa ń wọlé níbẹ̀ lóòótọ́. Ẹlòmíì á gbé ₦50,000 sílẹ̀, á mú ẹ̀dà kan dání, kò sì ní ṣí i títí ayé. Ojú ló rò, kì í ṣe ìwé. Ìyẹn kò burú, torí òun náà wà lára ohun tó ń jẹ́ kí òǹkọ̀wé san gbèsè atẹ̀wé. Ohun tó burú ni pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni irú owó bẹ́ẹ̀ máa ń wọlé. Àwọn ẹbí àtọ̀rẹ́ tó náwó lọ́dún yìí kò ní tún wá náwó bẹ́ẹ̀ sórí ìwé kejì tó bá jáde lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹni tó máa padà wá ni ẹni tó gbọ́ ohun kan lọ́jọ́ yẹn tó wọ̀ ọ́ lára, tó dé'lé, tó ṣí ìwé láti mọ bó ṣe parí, tó sì sọ fún aládùúgbò ẹ̀.

Nítorí náà, òǹkọ̀wé tó mọ ohun tó ń ṣe kì í jẹ́ kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ tiẹ̀ sẹ́yìn ètò. Á bẹ̀bẹ̀ fún ìṣẹ́jú méje kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ìnáwó. Á fi méjì sọ ìdí tó fi kọ ìwé, á fi mẹ́rin ka ibi tó dùn jù nínú ẹ̀, á sì dákẹ́ síbi tí ọkàn àwọn èèyàn ti ń fẹ́ mọ ohun tó kàn. Á fi ìṣẹ́jú kan tó kù sọ iye tí ìwé jẹ́ àti ibi tí wọ́n ti lè rí i lẹ́yìn ọjọ́ yẹn. Lẹ́yìn náà, àwọn tó wá síbi ètò á mọ ohun tí wọ́n ń náwó lé lórí.

ÀWỌN TÓ TI FI ẸNU PAWÓ LÓRÍ OHUN TÍ WỌ́N KỌ

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Charles Dickens, òǹkọ̀wé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wà lára àwọn tí ìwé wọn tà jù láyé ìgbà rẹ̀, síbẹ̀ ó tún dìde lọ kà á fáwọn èèyàn. Lọ́dún 1853, nílùú Birmingham, ó kọ́kọ́ ka ìwé rẹ̀ níwájú èrò láti fi kó owó jọ fún iṣẹ́ àánú. Nígbà tó rí báwọn èèyàn ṣe gba tiẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbowó fún un fúnra rẹ̀ lọ́dún 1858. John Forster, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́, kò fara mọ́ ọn. Lójú tiẹ̀, kò bá iyì òǹkọ̀wé mu kó máa dúró sórí pèpéle gbowó bí òṣèré. Dickens kò gbọ́. Nígbà tó lọ sí Amẹ́ríkà láti ìparí ọdún 1867 sí oṣù kẹrin ọdún 1868, ìgbà 76 ló ka ìwé fáwọn èrò, èrè tó sì kó wálé tó nǹkan bí 19,000 pọ́n-ùn. Ní ayé ìgbà yẹn, owó ńlá gbáà ni.

Ohun tó yẹ kí oníṣòwò kọ́ lára rẹ̀ ni bó ṣe ń múra sílẹ̀. Dickens kì í kàn ṣí ìwé kó máa kà á lọ. Ó ní ẹ̀dà tó yà sọ́tọ̀ fún kíkà níwájú èèyàn. Ó máa ń gé ibi tó gùn jù kúrò, ó máa ń fàlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ tó fẹ́ tẹnu mọ́, ó sì máa ń kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ìwé bí òun ṣe fẹ́ pe ibì kan. Ó máa ń fi í dánra wò léraléra kó tó gbé e jáde. Ohun táwọn èèyàn rò pé ẹ̀bùn lásán ni, iṣẹ́ ló ṣe sí i.

Ti Mark Twain, ará Amẹ́ríkà, tilẹ̀ tún sún mọ́ oníṣòwò ju ìyẹn lọ. Yàtọ̀ sí pé ó ń kọ̀wé, ó dá ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé sílẹ̀, ó sì ná owó rẹpẹtẹ sórí ẹ̀rọ kan tó yẹ kó máa to lẹ́tà ìwé, àmọ́ tí ẹ̀rọ náà kò ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Lọ́dún 1894, ilé iṣẹ́ náà wọko gbèsè. Lábẹ́ òfin, kò pọn dandan kó san gbogbo gbèsè yẹn látinú àpò ara ẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní òun máa san án pátá. Lọ́dún 1895, nígbà tó ti ń lọ sí ọgọ́ta ọdún, ó gbéra, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ káàkiri ayé láti máa bá àwọn èèyàn sọ̀rọ̀ lórí pèpéle, láti Amẹ́ríkà dé Ọsirélíà, New Zealand, Íńdíà àti Gúúsù Áfíríkà. Ó fi ìrìn àjò náà kọ ìwé kan tó jáde lọ́dún 1897. Nígbà tó fi máa di ọdún 1898, ó ti san gbogbo gbèsè tán. Gègé nìkan ì bá má lè san án kíákíá bẹ́ẹ̀.

NÍLẸ̀ TIWA

Ó yẹ kí Yorùbá tètè lóye ọ̀rọ̀ yìí ju ọ̀pọ̀ èèyàn lọ, torí pé ẹnu ni ìwé wa ti jáde wá. Oríkì, ìjálá, ẹ̀sà egúngún, ẹkún ìyàwó, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n ń pè kí ẹnikẹ́ni tó máa kọ ọ́ sílẹ̀. L'Abẹ́òkúta, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, Ṣóbọ̀ Aróbíodu tẹ àròfọ̀ rẹ̀ sínú ìwé pẹlẹbẹ, bẹ́ẹ̀ ohùn táwọn ará ìlú mọ̀ mọ́ orò ló gbé wọn lé. Àwọn tó rà á ti mọ bó ṣe ń dún létí.

Olóyè Adébáyọ̀ Fálétí, tó dágbére fáyé lọ́dún 2017, kọ ìwé ìtàn, ó kọ eré, ó kọ ewì. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ èèyàn ti mọ ohùn rẹ̀ kí wọ́n tó mọ ìwé rẹ̀, torí ó ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì tún ṣeré nínú fíìmù. Láńrewájú Adépọ̀jù, tó kú ní oṣù kejìlá ọdún 2023, fúnra rẹ̀ ló kọ́ ara rẹ̀ ní ìwé kíkà. Ewì rẹ̀ tó ń ka lórí rédíò, tó sì ń gbé jáde nínú àwo, ló wọ ilé ẹni tó kàwé àti ilé ẹni tí kò kàwé. Òun náà mọ̀ pé ọ̀pọ̀ oníbàárà òun kò ní ra bébà, wọ́n á ra ohùn.

Láyé òde òní, ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ hàn jù ni Chimamanda Ngozi Adichie, ọmọ ilẹ̀ Naijíríà. Ìwé rẹ̀ ti gba ẹ̀bùn lóríṣiríṣi kó tó di pé ó sọ ọ̀rọ̀ kan nílùú Oxford lọ́dún 2009, lórí ewu tó wà nínú kí wọ́n máa sọ ìtàn kan ṣoṣo nípa àwọn èèyàn kan. Kò tó ogún ìṣẹ́jú tó fi sọ ọ́, àmọ́ àràádọ́ta ọ̀kẹ́ èèyàn tí kò ka ìwé rẹ̀ rí ló ti wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní oṣù kejìlá ọdún 2012, ó tún sọ òmíràn nílùú London, lórí ẹ̀tọ́ obìnrin. Lọ́dún 2014, wọ́n sọ ọ̀rọ̀ yẹn di ìwé kékeré. Nígbà tó sì di ọdún 2015, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pín in lọ́fẹ̀ẹ́ fún àwọn ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún lórílẹ̀-èdè Sweden. Ọ̀rọ̀ ẹnu ló kọ́kọ́ jẹ́ kó tó di ọjà.

Kò pọn dandan kéèyàn dé Oxford kó tó bẹ̀rẹ̀. Láti ọdún 1999 ni wọ́n ti ń ṣe àjọ̀dún ìwé àti iṣẹ́ ọnà l'Ékòó, èyí tí wọ́n ń pè ní LABAF. Àjọ̀dún Aké bẹ̀rẹ̀ l'Abẹ́òkúta lọ́dún 2013, kí wọ́n tó gbé e wá s'Ékòó lọ́dún 2018. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ilé ẹ̀kọ́ wà, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí wà, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wà, ìpàdé àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ wà, àwọn ètò orí rédíò tó ń fi Yorùbá sọ̀rọ̀ látàárọ̀ dalẹ́ náà sì wà. Gbogbo wọn ló ń wá ẹni tó ní nǹkan sọ.

ẸNU Ń TÚN ÌWÉ ṢE

Èrè kan tún wà níbẹ̀ tí kì í ṣe owó. Òǹkọ̀wé tó bá ń ka iṣẹ́ rẹ̀ sókè máa ń rí àṣìṣe tí ojú rẹ̀ ti fò kọjá. Ibi tí èémí bá ti tán kí gbólóhùn tó tán, gbólóhùn yẹn gùn jù. Ibi tí ahọ́n bá ti kọsẹ̀, ọ̀rọ̀ ibẹ̀ kò dán. Ti èdè Yorùbá tún wá le sí i, torí pé àmì ohùn ló ya ọkọ sọ́tọ̀ kúrò lára ọkọ́, òun ló ya ọkọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀kọ̀. Ẹni tó fi ẹnu ara rẹ̀ ka ìwé kó tó gbé e fún atẹ̀wé á rí ibi tí àmì ti ṣìnà, kò sì ní dúró dìgbà tí tíṣà kan bá fi bíírò pupa yí i ká lẹ́yìn tí ẹgbẹ̀rún ẹ̀dà ti jáde.

Àwọn tó ń gbọ́ náà ń kọ́ni. Ibi tí wọ́n bá ti rẹ́rìn-ín, ibi tí gbogbo ilé bá ti pa lọ́lọ́, ibi tí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í wo fóònù wọn, gbogbo ẹ̀ ló ń sọ nǹkan. Tí èèyàn mẹ́ta bá bi òǹkọ̀wé ní ìbéèrè kan náà níbi mẹ́ta, ó yẹ kó fi ìdáhùn rẹ̀ sínú ìwé nígbà tó bá ń tún un tẹ̀, tàbí kó tiẹ̀ sọ ọ́ di ìwé mìíràn. Oníṣòwò ńlá ń náwó láti mọ ohun tí oníbàárà fẹ́. Òǹkọ̀wé tó ń sọ̀rọ̀ láàárín èrò ń rí i gbọ́ lọ́fẹ̀ẹ́.

BÍ ÈÈYÀN ṢE LÈ KỌ́ Ọ

Ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé ló jẹ́ ẹni tó fẹ́ràn kó dá wà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lè jókòó kọ̀wé. Àyà wọn máa ń já tí wọ́n bá rí èrò. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ sísọ jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n ń kọ́, bí wọ́n ṣe ń kọ́ aṣọ rírán. Lọ́dún 1924, nílùú Santa Ana lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ralph Smedley dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Toastmasters. Ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ kò le. Èèyàn á dìde, á sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún sí méje, ẹnì kan á máa wo aago, ẹnì kan á máa ka iye ìgbà tó ń sọ "ẹ̀ẹ̀ẹ̀" láàárín ọ̀rọ̀, ẹnì kan á sì sọ ibi tó ti dáa àtibi tó kù sí. Ẹgbẹ́ náà ti dé Nàìjíríà. Ẹni tí kò bá rí i nítòsí lè kó àwọn oníṣòwò márùn-ún jọ ládùúgbò, kí wọ́n máa ṣe bẹ́ẹ̀ fún ara wọn lẹ́ẹ̀kan lóṣù.

Ohun àkọ́kọ́ ni kéèyàn mú ibi kan ṣoṣo nínú ìwé, èyí tí kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ, kó máa kà á sókè nílé lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Kó fi fóònù gbà á sílẹ̀, kó sì gbọ́ ara rẹ̀. Kò ní dùn mọ́ ọn nínú lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n á gbọ́ ibi tó ti ń sáré jù.

Ohun kejì ni kó ní ìdáhùn ìbéèrè mẹ́ta lẹ́nu nígbà gbogbo, láìkọ ọ́ sórí bébà: Kí ló wà nínú ìwé yìí? Ta ló wà fún? Níbo la ti lè rí i rà, èló sì ni? Gbólóhùn méjì méjì ti tó lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá lo ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó tó lè sọ ohun tó wà nínú ìwé rẹ̀, àwọn èèyàn á rò pé ìwé náà kò yé òun gan-an.

Ohun kẹta ni ìkíni. Ní àárín Yorùbá, ẹni tó bá gba makirofóònù tí kò kí àgbà, tí kò kí ọba tó bá wà níbẹ̀, tí kò tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn tó jù ú lọ, ti ba ọjà rẹ̀ jẹ́ kó tó ṣí ìwé. Ṣùgbọ́n kí ìkíni má gba gbogbo àkókò. Ẹni tó dárúkọ ogún èèyàn ti jẹ ìdajì ìṣẹ́jú rẹ̀.

Ohun kẹrin ni pé kò gbọ́dọ̀ máa bẹ̀bẹ̀. Òǹkọ̀wé tó ń sọ pé "ìwé kékeré kan báyìí ni," tàbí "ẹ ṣáà bá mi rà á nítorí Ọlọ́run," ń sọ fún oníbàárà pé àánú ni kó fi ṣe, kì í ṣe ọjà rere. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Kó wo àwọn tó ń bá sọ̀rọ̀, kó sọ iye tí ìwé jẹ́ láìfì síbì kan, kó sì dákẹ́.

Ohun karùn-ún wà fún ẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Kó ní ìwé tó pọ̀ tó lọ́wọ́, kó ní ṣéńjì, kó kọ nọ́ńbà àkáǹtì gàdàgbà síbi tí gbogbo èèyàn ti lè rí i, kó sì mú ẹnì kan dání tó máa gbowó nígbà tóun bá ń fọwọ́ sí ìwé. Kó gba nọ́ńbà fóònù ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ nígbà tí ìwé mìíràn bá jáde. Inú ìwé kékeré kan ni kó máa kọ iye tó tà níbì kọ̀ọ̀kan àti iye tó ná débẹ̀ sí. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, á mọ irú ibi tó ń mú èrè wá àti ibi tó kàn ń jẹ owó mọ́tò.

IBI TÓ YẸ KÍ WỌ́N TI ṢỌ́RA

Ọ̀rọ̀ dídùn kò lè tún ìwé tí kò dáa ṣe. Ẹni tó bá ra ìwé nítorí ohùn tó dùn, tó wá délé tó rí i pé àṣìṣe ló kún inú ẹ̀, kò ní padà wá, á sì tún sọ fún ẹlòmíì. Nítorí náà, iṣẹ́ ìwé gbọ́dọ̀ ṣáájú. Bákan náà, ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ kiri lójoojúmọ́ kò ní ráyè kọ òmíràn. Dickens fúnra rẹ̀ kò fẹ́ sinmi nígbà tí ara rẹ̀ ti ń sọ pé ó tó. Ẹni ọdún 58 ni nígbà tó kú lọ́dún 1870, ọ̀pọ̀ sì gbà pé ìrìn àjò àti ìwé kíkà yẹn wà lára ohun tó tán an lókun. Ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù ti tó fún ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé.

Ó tún yẹ kéèyàn jọ sọ ọ̀rọ̀ owó kó tó kúrò nílé. Àwọn kan máa ń pe òǹkọ̀wé láti ọ̀nà jíjìn, wọn kò ní sanwó mọ́tò, wọn kò sì ní jẹ́ kó ta ìwé. Ìbéèrè méjì ló máa ń gbani níbẹ̀: ta ló máa san owó ọkọ̀, ṣé àyè sì wà láti ta ìwé? Kò sí àrífín nínú kéèyàn béèrè wọn pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Ẹni tí kì í kọ̀wé, tó jẹ́ pé ńṣe ló ń ta bàtà tàbí tó ń ṣe búrẹ́dì, lè rí ara rẹ̀ nínú gbogbo ohun tá a sọ yìí. Ẹnikẹ́ni kò lè fi ìfẹ́ tí oníṣẹ́ ní sí iṣẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀ bíi ẹni tó ṣe é. Àwọn tó ń kiri ọjà láàárín ìgboro láyé àtijọ́ mọ èyí, ìdí nìyẹn tí ìpolówó wọn fi máa ń dùn débi pé ẹni tí ebi kò pa náà á pè wọ́n dúró.

Ọ̀rọ̀ rere, wọ́n ní, òun ló ń yọ obì lápò. Òǹkọ̀wé tó ní páálí mẹ́jọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ti ní ọ̀rọ̀ rere nílẹ̀, ó ti kọ ọ́, ó ti sanwó ẹ̀. Ohun tó kù ni kó fa páálí kan jáde, kó mú ẹ̀dà kan, kó wá ibi ìṣẹ́jú mẹ́rin tó dùn jù nínú ẹ̀, kó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè lálẹ́ òní.